Ìyá Elépà Kò Bá Wọn Pariwo

Níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ ìyá àgbà mi, áfáà tó ń ṣe wáàsí tún láwàní rẹ̀ ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yin òkú. Ó ní onísùúrù èèyàn ni. Ó ní ẹnu rẹ̀ kò le. Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Ìyá yìí kò bá ẹnikẹ́ni jà rí láyé."

Ibẹ̀ ni Ìyá Sùlè, tó jókòó sórí ẹní níwájú àwọn obìnrin, ti bú sẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín abẹ́ ìborùn o. Ẹ̀rín tó jáde ni.

"Áfáà, ẹ dákun," ó ní, "ẹ má pa irọ́ mọ́ òkú. Èwo nínú gbogbo àwa tá a jókòó síbí ni kò bá jà?"

Áfáà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó rí i pé gbogbo àwọn obìnrin ló ti fi ìborùn bo ẹnu, tí èjìká wọn sì ń mì. Òun náà bá rẹ́rìn-ín. "Ó dáa," ó ní, "ó bá wa jà. Kí Ọlọ́run forí jì í, kó sì forí ji àwa náà, torí òun ló sáábà máa ń jàre."

Àṣìmáwù Àṣàkẹ́ lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ní àdúgbò wa ní Ṣakí, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ Ìjìó, Ìyá Elépà ni gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n sí. Ẹ̀pà yíyan ló ń tà. Agbada irin ńlá kan wà lórí àdògán rẹ̀, iyanrìn inú rẹ̀ ti dúdú bí èédú. Òun á jókòó sórí àpótí, á máa fi igi gígùn kan ro ẹ̀pà nínú iyanrìn gbígbóná náà títí yóò fi máa ta pàrà-pàrà. Láti Ògbóòró ni wọ́n ti ń kó ẹ̀pà ọ̀hún wá fún un. Èmi ọmọ ọmọ rẹ̀, tíṣà ni mí ní Ìsẹ́yìn. Bí mo bá délé fún họ́lídé, ẹ̀gbẹ́ àpótí yẹn ni mo máa ń lò ó tán sí, tí màá máa di ẹ̀pà sínú ọ̀rá, tí òun náà á máa wo gbogbo ohun tó ń lọ lójú títì, tí á sì máa sọ ohun tó rò nípa rẹ̀.

Mi ò ní í sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ láti ìkókó. Kò ní fẹ́ ẹ. Á ní ta ló bi mí. Irú èèyàn tó jẹ́ ni mo fẹ́ sọ, kí àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí sínú ilé wa lè mọ̀ ọ́n.

Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ìyá àgbà mi kì í gba ọ̀rọ̀ gbọ́ torí pé èrò pọ̀ nídìí rẹ̀. Lọ́dún kan, ní ìdájí, fóònù gbogbo ilé wa bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ìròyìn ti dé pé àìsàn tuntun kan ń bọ̀, pé ẹni tí kò bá fẹ́ kó mú òun gbọ́dọ̀ fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀ kí oòrùn tó yọ, kó sì mu díẹ̀ nínú rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, èéfín ti bo àgbàlá. Bùrọ̀dá Lásísì, àkọ́bí rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní káńsù, wẹ̀ tirẹ̀, ó tún padà lọ wẹ̀ ẹ́, torí ó ní òun gbàgbé ẹ̀yìn òun. Wọ́n gbé korobá kan dé iwájú Ìyá àgbà. Ó wo omi, ó wo ìyàwó Bùrọ̀dá Lásísì tó gbé e wá.

"Ta ló ní ká wẹ̀?"

"Wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù ni, Màmá."

"Àwọn ta ni?"

"Ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan, ẹni yẹn ló wá fi ránṣẹ́ sí wa."

"Ẹni àkọ́kọ́ ńkọ́?"

Kò sẹ́ni tó mọ ẹni àkọ́kọ́. Ìyá àgbà ní ó dáa, kí wọ́n gbé korobá náà kalẹ̀, kí wọ́n sì kó tàwọn tí kò tíì wẹ̀ wá pẹ̀lú. Ó da ẹ̀pà ọjọ́ náà sínú omi iyọ̀ yẹn, ó rẹ ẹ́, ó yan án, ó sì tà á tán kí ọ̀sán tó pọ́n. Ó yí sí mi bó ṣe ń nu ọwọ́. "Àníkẹ́," ó ní, "bí o kò bá mọ ohùn ẹni tó ń pè ọ́, má dáhùn."

Áfáà ní òun ló sáábà máa ń jàre. Sáábà yẹn ni kẹ́ ẹ dì mú o, torí ìgbà mìíràn wà tí gbogbo ayé máa ń jàre rẹ̀. Ní ìparí òjò ọdún kan, ojú ọ̀run ṣú. Gbogbo ẹni tó sá yangan àti ẹ̀gẹ́ síta bẹ̀rẹ̀ sí í kó o wọlé. Ìyá àgbà jókòó. Wọ́n ní, "Ìyá Elépà, òjò ń bọ̀." Ó ní òjò yìí kò ní í rọ̀, òun mọ òjò, apá ibòmíràn ló ń lọ. Ó tiẹ̀ tún ní kí n tú àpò ẹ̀pà kan sí i. Kí n tó tú u tán, òjò ti dé. Òjò náà pa ẹ̀pà, ó pa èmi, ó sì pa òun náà lórí àpótí rẹ̀, torí kò kọ́kọ́ fẹ́ dìde. Ìyá Sùlè tó ń din àkàrà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń pariwo lábẹ́ páànù pé, "Ìyá Elépà, ẹ ò ṣe gbà pé ẹ ṣì í?" Omi ń kán ní igi imú rẹ̀ nígbà tó dáhùn. "Èmi kọ́ ni mo ṣì í. Òjò yìí ló ṣìnà."

Bó ṣe rí nìyẹn. Bí àwọn ọmọ ilé bá ń wo bọ́ọ̀lù, á yọjú sí i, á bi wọ́n pé àwọn wo ni wọ́n ń nà. Bí wọ́n bá ti fi hàn án, á ní, "Àwọn yẹn ni tèmi." Fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo rò pé agídí lásán ni, pé bí àwọn kan ṣe fẹ́ràn obì ni òun ṣe fẹ́ràn kó máa tako èèyàn. Ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́ ló jẹ́ kí n tún èrò mi pa.

Ọjọ́ ọjà ni. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mò ń di ẹ̀pà. Ìyá Sùlè ti gbé ẹ̀wà lọ sí ibi ẹ̀rọ, ó fi iná àkàrà rẹ̀ sílẹ̀ ní ìkáwọ́ wa. Ọmọ rẹ̀ Sùlè, tó ń gun ọ̀kadà, gbé èrò kan dé. Ọkùnrin gíga kan ni, ó gbé báàgì kọ́ èjìká, eruku ọ̀nà ti sọ irun rẹ̀ di pupa. Ohùn rẹ̀ jẹ́ ohùn àwọn ará Ìjìó, níbi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dún bíi ti àwọn ará ẹ̀yìn bọ́dà. Ó jọ pé Sùlè ti bá a wá ibi tó ń lọ kiri ìgboro kó tó rí i, torí ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣáá. Bó ṣe sanwó tán, ó na ọwọ́, ó bọ Sùlè lọ́wọ́. Ó ní, "O ṣé gan-an, ọ̀rẹ́ mi." Ó sì kọjú sí ọ̀nà.

Sùlè kò tíì táná sí ọ̀kadà rẹ̀ tó fi gbọ̀n rìrì. Ó fọwọ́ kan iwájú ṣòkòtò rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó wá ké bí ẹni tí ejò bù jẹ.

"Ó ti lọ o! Ẹ gbà mí o! Nǹkan ọkùnrin mi ti lọ o! Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó sì ti lọ!"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ ọjà, ẹ mọ bí ariwo ṣe máa ń rìn níbẹ̀. Kí ọkùnrin náà tó yíjú padà, wọ́n ti mú un. Àwọn ọlọ́kadà ló kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn wọn àwọn alábàárù, lẹ́yìn wọn àwọn tí kò tilẹ̀ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹnì kan gbá a létí. Ẹlòmíràn fa báàgì rẹ̀ já, wọ́n sì tú u sílẹ̀. Aṣọ ìpààrọ̀ kan, búrẹ́dì, àti okùn ẹ̀rọ kan ló wà níbẹ̀. Ẹnì kan ní, "Ẹ wo okùn! Okùn tó fi ń dè wọ́n nìyẹn!" Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń bèèrè táyà lọ́wọ́ Bàbá Onítáyà, àgbàlagbà tó ń lẹ táyà ní òdìkejì títì. Òmíràn ti dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kadà, ó ń fa bẹntiróòlù sínú ike. Fóònù ti wà lókè lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ń ká a.

Ìyá àgbà dìde. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó sọ agbada kalẹ̀ kúrò lórí iná. Ó ní kí n mójú tó ẹ̀pà. Ó gbé igi tó fi ń ro ẹ̀pà dání, orí rẹ̀ ṣì ń yọ èéfín, ó sì forí lé àárín èrò. Ẹni tó bá fẹ́ dí i lọ́nà, igi gbígbóná náà á kàn án lẹ́sẹ̀, á sì fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo gbàgbé ẹ̀pà, mo tẹ̀ lé e.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí ló sọnù?"

"Ìyá, ẹ kúrò níbẹ̀ o! Ọ̀kan nínú àwọn tó ń jí nǹkan ọkùnrin ni. Ó ti gba ti Sùlè."

"Ta ló rí i?"

"Sùlè fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́."

"Mo gbọ́ pé ó sọ ọ́. Mo ní ta ló rí i?"

"Kí lẹ fẹ́ ká rí, Ìyá?" ọ̀dọ́kùnrin kan dáhùn. "Ohun tí kò sí mọ́?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín burúkú ni. Ìyá àgbà kọjá láàárín wọn. Ó dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin náà, tó ti wà lórí ìkúnlẹ̀, tí ètè rẹ̀ sì ti bẹ́.

"Kí lorúkọ rẹ?"

"Jímọ̀, mà."

"Níbo lo ti wá?"

"Ìjìó, mà. Ẹ̀rọ ìlọta kan tí wọ́n fẹ́ tà ni mo wá wò. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, mà."

Ìyá àgbà ju igi rẹ̀ sílẹ̀. Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí i. "Bọ̀ mí lọ́wọ́."

Ọkùnrin náà kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọdé. Ó ń sunkún. "Rárá, mà. Ẹ má jẹ́ kí n tún fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ̀ọ́, mà."

"Mo ní bọ̀ mí lọ́wọ́."

Nígbà tí kò ṣe é, ìyá àgbà tẹ̀ síwájú, ó fa ọwọ́ náà yọ fúnra rẹ̀, ó sì bọ̀ ọ́. Ọkùnrin náà wá di ọwọ́ yẹn mú bí ẹni tó bọ́ sódò ṣe ń di ẹ̀ka igi mú. Ìyá àgbà yíjú sí èrò, ọwọ́ wọn ṣì wà nínú ara wọn.

"Ó ti bọ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ wò mí dáadáa. Kí ló lọ lára mi?"

"Obìnrin lẹ̀yin," ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn. "Kò sí tiyín níbẹ̀!"

"Òótọ́ ni. Ẹ wá ọkùnrin wá nígbà náà. Ta ló jẹ́ ọkùnrin níbí?"

Ó ń wò wọ́n. Gbogbo àwọn gìrìpá yẹn, tí wọ́n ti ń na ọkùnrin yìí láti ẹ̀ẹ̀kan, tí ìkúùkù wọn ti kan ara rẹ̀ láìmọye ìgbà, kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó lè na ọwọ́. Ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń wo ilẹ̀. Nígbà náà ni mo rí Bàbá Onítáyà tó ń bọ̀ láti òdìkejì títì. Kò gbé táyà kankan dání. Ó ń nu girísì ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò. Ó dúró níwájú ọkùnrin náà, ó na ọwọ́, ó bọ ọwọ́ rẹ̀ kejì, ó sì gbóhùn sókè kí gbogbo ayé lè gbọ́:

"Ọmọ mẹ́sàn-án ni mo ti bí. Bó bá máa lọ, kó máa lọ. Ó ti ṣiṣẹ́ tó!"

Ìyá kan tó ń ta ata ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó ran ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ran ti ẹ̀yìn. Ẹ̀rín gidi ni tọ̀tẹ̀ yìí. Mo rí ọmọkùnrin tó gbé ike bẹntiróòlù, tó gbé e kalẹ̀ kó lè di ikùn rẹ̀ mú. Èèyàn kì í rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ tán kó tún padà wá ṣáná sí èèyàn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyá àgbà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní kí àwọn ọlọ́kadà méjì mú Sùlè wọ inú ṣọ́ọ̀bù Bàbá Onítáyà, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, kí wọ́n sì wò ó. Sùlè kọ́kọ́ kọ̀. Wọ́n fà á lọ. Àsìkò yẹn gan-an ni Ìyá Sùlè gbé ẹ̀wà lílọ̀ dé, tó rí ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń wọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù, tí gbogbo ọjà sì ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n jáde, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kadà náà húkọ́ díẹ̀. "Ó wà," ó ní.

"Ó wà bí?"

"Ó wà, Ìyá. Ṣùgbọ́n Sùlè ní ó ti kéré sí ti tẹ́lẹ̀."

"Ọyẹ́ ni," ni Ìyá àgbà wí. "Etí tèmi náà ti kéré láti àárọ̀."

Ó mú ọkùnrin Ìjìó náà lọ sórí àpótí rẹ̀. Ó bu omi fún un, ó ní kí n fi aṣọ nu ètè rẹ̀, ó sì jókòó tì í títí ọkọ̀ fi kún. Ọkọ̀ gbéra, ọkùnrin náà sì lọ. Ẹ̀pà tí mo fi sílẹ̀ nínú iyanrìn gbígbóná ti jóná, ó sì bá mi wí lórí rẹ̀ títí di alẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, kò ní nira láti sọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, gbogbo ohun tí wọ́n ká ti wà lórí fóònù káàkiri Òkè-Ògùn. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ ló ń ṣàlàyé rẹ̀ jù. Wọ́n ní ìyá yẹn àti àlejò náà jọ ń ṣe é ni. Wọ́n ní Ìyá Elépà ló dá nǹkan náà padà sára Sùlè nígbà tí àṣírí fẹ́ tú. Wọ́n tiẹ̀ ní abájọ tí ẹ̀pà rẹ̀ fi máa ń dùn. Mo fi ìbẹ̀rù ka ìyẹn fún un, torí mo rò pé yóò sunkún. "Ó kéré tán," ó ní, "wọ́n gbà pé ó dùn."

Kò rọrùn o. Àwọn ọlọ́kadà kò ra ẹ̀pà rẹ̀ mọ́. Àwọn ìyá kan ń fa ọmọ wọn kọjá lọ ní iwájú rẹ̀ wéréwéré. Áfáà, áfáà kan náà tó ṣe wáàsí ọjọ́ kẹjọ yìí, wá bá a pé kò bójú mu kí obìnrin Mùsùlùmí máa bọ ọkùnrin tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀ lọ́wọ́ lójú ọjà. Ìyá àgbà tẹ́tí sílẹ̀ títí ó fi sọ ọ́ tán, ó sì dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ ṣeun, Áfáà. Nígbà tí wọ́n ń wá táyà, mo wò yíká, mi ò rí yín."

Bùrọ̀dá Lásísì pe ìpàdé ẹbí. Ó ní kí Màmá jókòó sílé títí ọ̀rọ̀ yóò fi tutù, pé kò sẹ́ni tó lè bá gbogbo ìlú jà. Gbogbo wa gbà. Èmi náà gbà. Ìyá àgbà wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Bí mo bá jókòó sílé, wọ́n á ní mo sá. Bí wọ́n bá ní mo sá, á ti di òótọ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún mú ẹlòmíràn, ta ni yóò wá dìde?" Ní ìdájí, ó ti gbé agbada rẹ̀ jáde.

Ti Ìyá Sùlè ló dùn ún jù. Láti ìgbà tí wọ́n ti jọ wọlé ọkọ ní àdúgbò yẹn ni wọ́n ti ń jókòó pọ̀, ọ̀kan ń yan ẹ̀pà, èkejì ń din àkàrà. Ìyá Sùlè ní ó dójú ti ọmọ òun lójú gbogbo ayé. Ó gbé iná rẹ̀ kúrò, ó tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ títì, ó sì kọ ẹ̀yìn sí wa. Ní gbogbo àárọ̀, Ìyá àgbà á kọjá lọ síwájú rẹ̀, á ní, "Ìyá Sùlè, ẹ káàárọ̀ o." Kò ní í dáhùn. Lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ó sú èmi tí mò ń wò ó. Mo ní, "Màmá, ẹ ò ṣe fi í sílẹ̀? Kò ní í dá yín lóhùn." Ó ní, "Kì í ṣe torí kó lè dáhùn ni mo ṣe ń kí i. Torí kí ẹnu mi má bàa gbàgbé rẹ̀ ni."

Ìyàwó kékeré Bàbá Onítáyà ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ó lóyún. Nígbà tí oyún yẹn hàn, ìlú rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní ọwọ́ tí ará Ìjìó bọ̀ ṣiṣẹ́ o, kí wọ́n tún lọ pe ọkùnrin yẹn wá. Gbogbo ẹni tó ti ń sọ pé oṣó ni, ti ń sọ pé àwọn ti mọ̀ látilẹ̀ pé irọ́ ni. Àwọn oníbàárà padà wá. Mo rò pé ìyá àgbà mi ti borí nìyẹn.

Àmọ́ èrò kan náà ti yíjú sí Sùlè. Wọ́n sọ ọ́ ní Sùlè Ó-ti-kéré. Àwọn ọmọdé ń pariwo rẹ̀ tẹ̀ lé ọ̀kadà rẹ̀. Àwọn èrò kò fẹ́ jókòó sẹ́yìn rẹ̀, tàbí kí wọ́n jókòó kí wọ́n lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Òbí ọmọbìnrin tó ń fẹ́ ní àwọn ń rò ó wò. Nígbà tó yá, Sùlè kò jáde mọ́. Mo jẹ́wọ́ pé inú mi dùn díẹ̀. Mo sọ níwájú Ìyá àgbà pé ohun tó gbìn ló ń ká.

Ojú tó fi wò mí, mi ò lè gbàgbé rẹ̀. "Ẹ̀rù ló ba ọmọ yẹn," ó ní. "Ohun tí gbogbo yín ti ń sọ fún un láti kékeré ló gbà gbọ́. Àbí ẹ rò pé mo lọ yọ ẹnì kan kúrò lẹ́nu wọn kí n lè fi ẹlòmíràn síbẹ̀?"

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ sílé Ìyá Sùlè. Kò wọlé, torí wọn kò ní kó wọlé. Ó dúró síta, ó pe Sùlè, ó ní òun ń lọ kírun, kó wá gbé òun. Kí ẹ tó mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe tó, ẹ jẹ́ kí n sọ pé ìyá àgbà mi kò gun ọ̀kadà rí. Ó máa ń sọ pé ohun tí kò lè dá dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, òun kò lè gbára lé e. Mọ́ṣáláṣí náà kò sì jìnnà. Láti ibi agbada rẹ̀, ẹ lè rí i. Sùlè jáde wá, ojú rẹ̀ wú. Ìyá àgbà gun ọ̀kadà, ó di aṣọ ẹ̀yìn rẹ̀ mú gírígírí, ó pa ojú dé, ó sì ní kó má gba ọ̀nà àbùjá. Kó gba àárín ọjà. Bí wọ́n ṣe ń lọ, bí ọmọdé bá fẹ́ la ẹnu, á la ojú kan, á dárúkọ ìyá ọmọ náà. Ọjọ́ yẹn, ọjọ́ kejì rẹ̀, ọjọ́ kẹta rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni Sùlè ń gbé e lọ, tó ń gbé e bọ̀, títí àwọn ìyá mìíràn fi bẹ̀rẹ̀ sí í pe Sùlè náà, títí orúkọ ẹ̀sín yẹn fi kú sí ẹnu àwọn tó ń pè é.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn, mo wà níbẹ̀, Ìyá àgbà tún kọjá lọ síwájú iná àkàrà. "Ìyá Sùlè, ẹ káàárọ̀ o." Kò tiẹ̀ dúró dè é mọ́, ó ti ń lọ. Ìyá Sùlè da àkàrà kan padà nínú epo. Kò gbójú sókè.

"Ẹ káàárọ̀ náà," ó ní. "Ẹ̀pà yín ń jóná."

Kò sí ohun tó tún jẹ́ ẹ̀bẹ̀ láàárín wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kó tó di ọ̀sán, iná àkàrà ti padà sí ẹ̀gbẹ́ agbada ẹ̀pà.

Ọkùnrin Ìjìó kò padà wá. Kò pè, kò ránṣẹ́. Ó máa ń bí mi nínú bí mo bá rántí. Lọ́jọ́ kan mo sọ ọ́ fún Ìyá àgbà pé aláìmoore ni. Ó ní, "Ṣé ìwọ náà á padà wá síbi tí wọ́n ti fẹ́ dáná sun ọ́, torí kí o lè kí èèyàn pé o ṣé?"

Nígbà tí àìsàn tó mú un lọ dé, kò pẹ́ rárá. Mo wá láti Ìsẹ́yìn, mo jókòó tì í lórí ẹní nínú yàrá rẹ̀. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ wọlé láti ojú fèrèsé. Ara rẹ̀ ti rù, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò rù. Ó ti bá nọ́ọ̀sì tó wá fún un lábẹ́rẹ́ jà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn lórí apá tó yẹ kó gbà á sí. Àwa méjì nìkan la wà níbẹ̀. Mo wá bi í ní ohun tó ti wà lọ́kàn mi láti ìgbà pípẹ́.

"Màmá, lọ́jọ́ ọ̀rọ̀ Sùlè yẹn, ẹ̀rù ò bà yín ni?"

"Ta ló ní kò bà mí?"

"Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé ẹ̀rù kì í bà yín."

"Ṣé o rí i? Gbogbo èèyàn." Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Mo fún un lómi. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè díẹ̀ lórí aṣọ ìbora, ó wò ó. "Ẹ̀rù bà mí débi pé ilẹ̀ ti ń yí lójú mi. Ìdí tí mo fi ń fi agídí fa ọwọ́ ọmọ yẹn nìyẹn. Ẹ̀yin ń wò ó bíi pé èmi ni mo dì í mú. Àníkẹ́, bí ọmọ Ìjìó yẹn bá jọ̀wọ́ mi ni, àárín wọn níbẹ̀ ni ǹ bá ti ṣubú sí."